Bẹ́ẹ̀dì Tí Kò Gba Ẹsẹ̀ Ọmọ

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, káfíńtà kan ní kí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé dùbúlẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù òun. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o! Ọkọ ìyàwó wà níbẹ̀, òun gan-an ló bá a di bàtà rẹ̀ mú. Bí ọkùnrin yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀dì kíkàn ni iṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í kan bẹ́ẹ̀dì fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ní kí onítọ̀hún sùn sílẹ̀, kó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sókè orí rẹ̀, kó fa òmíràn sísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, kó wá fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lé e.

"Àtẹ́lẹwọ́ méjì yẹn, ti oorun ni," ó ṣàlàyé fún ìyàwó. "Èèyàn máa ń nà lójú oorun. Bẹ́ẹ̀dì téèyàn ò bá lè nà lórí ẹ̀, àpótí ni."

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ti bá wọn, ó gbé oúnjẹ àárọ̀ bàbá rẹ̀ dání. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, àmọ́ ó ga débi pé ó ń tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọlé. Agùntáṣọọ́lò ni bàbá rẹ̀ ń pè é, gbogbo àdúgbò sì ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. Níléèwé, kò sẹ́ni tó ń fò ga tó o. Wọ́n á gbé ọ̀pá sókè, á sáré wá, á sì ré e kọjá wẹ́rẹ́, àwọn olùkọ́ á máa wo ara wọn lójú. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, ńṣe ló ń tiro.

"Orúnkún yẹn náà ni?" bàbá rẹ̀ bi í.

"Òun náà ni, Bàámi. Ó tún ti wú sí i. Lóru ló máa ń ro mí jù."

"Eré àsápajúdé tẹ́ ẹ̀ ń sá níléèwé nìyẹn. Jẹ́ kí ìyá ẹ tún fi ìpara ra á."

Oṣù kẹta rèé tí wọ́n ti ń fi ìpara ra á. Ọmọ náà gbé abọ́ kalẹ̀, ó yíjú padà, ó ní kóun kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ni ẹsẹ̀ ọ̀tún bá yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ariwo tó pa pọ̀ débi pé ìyàwó tó wà nílẹ̀ fò dìde tòun ti ṣọ́ọ̀kì lára. Bàbá ti ń gbọ́ igbe ọmọ yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò gbọ́ irú èyí rí.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ya àwòrán egungun rẹ̀. Dókítà egungun, obìnrin kan tó máa ń ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè kó tó sọ̀rọ̀, fi àwòrán náà kọ́ síwájú iná, ó sì pe bàbá àti ìyá wọlé. Wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ sórí àga níta. Ẹ fi ibẹ̀ yẹn sọ́kàn.

Ẹnu ya káfíńtà. Ó ti la igi tí kò níye láyé rẹ̀, àmọ́ kò rí inú èèyàn rí. Egungun ọmọ rẹ̀ funfun, ó gún régé, ó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ tó fi na ọwọ́ sí i láìmọ̀. Àfi ibì kan lókè orúnkún, tó rí bí ibi tí kòkòrò ti wọ inú igi.

"Jẹjẹrẹ egungun ni," dókítà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Kì í ṣe eré sísá ló fà á, kì í ràn, kò sì sẹ́ni tó fi ṣe é. Ìgbà tí egungun bá ń yára gùn ló sábà máa ń yọjú, láàárín ọmọ ọdún mẹ́wàá sí ọmọ ogún ọdún. Ìrora egungun tí kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó ń le lóru, tó sì ń wú, ilé ìwòsàn ló yẹ ká gbé e wá kíákíá. A kì í fi ìpara ra irú ẹ̀ fóṣù mẹ́ta."

Ìyá ọmọ, onídìrí ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í dúró. Ńṣe ló ń lọ́ etí aṣọ ara rẹ̀ bí ẹni ń di irun. "Ṣé ó ń lọ, Dókítà?"

"Ó ń lọ lára ọ̀pọ̀ wọn, bá ò bá já ìtọ́jú náà láàárín. Oògùn la máa kọ́kọ́ fà sí i lára nínú dírípù, ìpele ìpele. Lẹ́yìn náà, a óò gé ibi tó bàjẹ́ kúrò nínú egungun, a óò fi irin rọ́pò ẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ní kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn yìí lọ́jọ́ o. Bá a bá fo ọjọ́ ẹ̀, àrùn náà á tún gbérí. Nǹkan mìíràn tún wà: oògùn náà lè ṣàkóbá fún ọmọ bíbí rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ó yẹ ká bá òun fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó wọ ara ẹ̀."

"Ẹ má sọ nǹkan kan fún un!" ìyá ké. "Ọmọdé ni. Ọ̀rọ̀ yìí á pa á kí àìsàn tó pa á. Ẹ ní egbò inú egungun ni."

Bàbá gbè é lẹ́sẹ̀. Dókítà ti gíláàsì rẹ̀ sókè, ó ní kò dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà fún wọn. Àwọn mẹ́ta tó fẹ́ kí ọmọ yìí yè jókòó sínú yàrá kan, wọ́n sì fẹnu kò láti máa purọ́ fún un.

Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni wọ́n gbé e lọ, nítorí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Wọ́n ya erin pupa àti ọ̀bọ tó dé fìlà sára ògiri ibẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ló wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin lápá òsì, àwọn méjèèjì ń sunkún ìyá wọn. Nígbà tí bàbá dé lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ rí: ẹsẹ̀ gígùn méjì tó yọ síta lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé wọn lé orí àga.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ohun tó mú kí bẹ́ẹ̀dì kúrú tó bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ó rí àmì kan tí wọ́n fi irin gbígbóná tẹ̀ sára igi. Àmì tirẹ̀ ni. Òun ló kan án, ogún irú ẹ̀, lọ́dún kẹsàn-án sẹ́yìn. Ilé ìwòsàn kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé fún un, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ààbọ̀, ó sì kan án bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo bẹ́ẹ̀dì tó ti kàn láyé, ogún yẹn nìkan ni kò ní kí ẹnì kankan kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ fún.

Agùntáṣọọ́lò rí ojú bàbá rẹ̀, ó yé e lójú ẹsẹ̀. Ọmọ káfíńtà ṣáà ni. "Ẹ̀yin lẹ kàn án ni, Bàámi? Ẹ̀ẹ́! Àpótí lẹ kàn yìí o."

Ó yẹ kí bàbá pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Kò pè é. Ojú ń tì í, ó kàn ní, "Fara dà á, ọmọ mi. Díẹ̀ ló kù."

Ó fara dà á. Wọ́n ń pè é ní béébì. Wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ láìfa kọ́tìnì, bí ẹni ń wẹ ọmọ ọwọ́, ọmọ tó ti ń ṣe nǹkan oṣù láti ọdún mẹ́ta! Wọ́n ń paná ní agogo méje. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá láti iléèwé, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lé wọn padà, ó ní ọmọdé kì í wá kí aláìsàn. Nígbà tí oògùn ìpele kìíní mú kí irun rẹ̀ máa re, ìyá rẹ̀, tó ti di irun fún ìdajì ọmọ àdúgbò, ń ṣa irun ọmọ tirẹ̀ lórí ìrọ̀rí, ó ń kó o sínú àpò, ó ń sọ pé ọṣẹ ilé ìwòsàn ló fà á. Ọṣẹ! Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ta ló ń tàn? Ọmọ tó ń ka ìwé tó nípọn ju bíríkì lọ!

Lẹ́yìn ìpele kejì, ọmọ náà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé òun kúrò láàárín àwọn ọmọ ọwọ́. Wọ́n gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn àgbà obìnrin. Bẹ́ẹ̀dì gbà á níbẹ̀, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò gbà á. Ẹni tó kéré jù lẹ́yìn rẹ̀ tó ìyá rẹ̀ àgbà. Màmá arúgbó kan tó kóni mọ́ra ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òun ló fi ọ̀yàyà bi í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì pé:

"Tèmi ti wọ ẹ̀dọ̀, ọmọ mi. Ibo ni jẹjẹrẹ tìẹ wà?"

"Èmi ò ní jẹjẹrẹ, Màmá. Egbò inú egungun lèmi ní."

Màmá wo orí rẹ̀ tó dán, ó wo dírípù tó ń kán, ó ní, "Háà." Háà kan ṣoṣo yẹn ló sọ òótọ́ tí odindi àgbàlagbà mẹ́ta ò lè sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó pín tíì, màmá náà dákẹ́. Kò sẹ́ni tó rántí fa kọ́tìnì. Agùntáṣọọ́lò wo gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó di ọ̀sán, ó we ìborùn mọ́rí, ó fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ tilẹ̀, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ńlá jáde. Ẹ̀ṣọ́ tó ń lé ọmọdé tó fẹ́ wọlé, kò bi ọmọdé tó ń jáde léèrè nǹkan kan. Ó wọkọ̀ délé, ó wọ yàrá, ó sì ti kọ́kọ́rọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí ìpele kẹta bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, "Ọmọ mi, dákun, wọ́n ní ọjọ́ oògùn ò gbọdọ̀ kọjá."

"Oògùn kí ni, Màámi?" ó dáhùn látinú yàrá. "Ti egbò? Ẹ purọ́ fún mi. Bó bá jẹ́ pé màá kú, bẹ́ẹ̀dì tó gbà mí ni mo fẹ́ kú sí."

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó di méjì, ó di mẹ́rin. Àwọn ẹbí wá, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n halẹ̀, wọ́n bínú lọ. Bàbá ò lè kan ìṣó kan lọ́nà tó tọ́ mọ́. Gbogbo àárọ̀ ló ń wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àmì ṣọ́ọ̀kì àwọn ọmọ ọlọ́mọ lóríṣiríṣi, ó ń wá èyí tó jẹ́ ti ọmọ rẹ̀, kò rí i.

Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nọ́ọ̀sì àgbà ti wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ wá sílé wọn. Ó kí bàbá, ó kí ìyá, àmọ́ kò jókòó tì wọ́n. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá.

"Àbúrò, ìwọ ni mo wá bá. Mi ò wá bẹ̀ ẹ́, mo wá bi ẹ́ ni. Kí ló lé ẹ?"

Ohùn ọmọ náà jáde látinú yàrá. "Kì í ṣe oògùn ni mo sá fún, Àǹtí. Ibẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ kékeré, ẹ ń wẹ̀ mí bí ọmọ ọwọ́. Lọ́dọ̀ àwọn àgbà, wọ́n ń kú lójú mi. Bí dókítà bá dé, orí mi ló ń gbà kọjá bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Mi ò rí ọ̀rẹ́ mi kan. Ìdánwò mi ń bọ̀, kò sí tábìlì. Mi ò sí níbì kankan."

Nọ́ọ̀sì yìí ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìlélógún. Ó ní nǹkan tó gún òun láyà jù ni pé òun ò bi ẹnikẹ́ni nínú wọn léèrè rí, bẹ́ẹ̀ ẹnu wọn ni ìdáhùn wà láti ọjọ́ yìí.

"Yàrá kan wà lópin ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa," ó wí. "Àwọn kẹ̀kẹ́ aláìsàn tó ti bàjẹ́ la kó sí i. Bí mo bá gbà á fún yín, ṣé wàá padà?"

"Ta ni 'yín'?"

"Ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́dún méjìdínlógún kan wà ní wọ́ọ̀dù àwọn bàbá. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tó ti kọjú sí ògiri. Ọmọbìnrin kan sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì kékeré tó o fi sílẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àga náà ni wọ́n gbé ẹsẹ̀ tiẹ̀ lé."

Kọ́kọ́rọ́ yí. Ilẹ̀kùn ṣí. Agùntáṣọọ́lò dúró síbẹ̀, ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ẹsẹ̀ tiẹ̀ náà wà lórí àga?"

Bí ó ṣe jáde nìyẹn. Ẹ̀bẹ̀ gbogbo ẹbí ò mú un jáde, ẹsẹ̀ ọmọ tí kò mọ̀ rí ló mú un jáde. Èmi tó ń sọ ọ́ yìí, ẹnu ṣì ń yà mí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi tún yàrá náà ṣe. Káfíńtà fi pákó là á, tọkùnrin lọ́tọ̀, tobìnrin lọ́tọ̀, ibi ìjókòó láàárín. Ó kan tábìlì ìwé. Wọ́n yá bẹ́ẹ̀dì àwọn àgbà síbẹ̀ ná, wọ́n sì kó àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Kọ́tìnì wà tí ẹni tó ń wẹ̀ lè fà fúnra rẹ̀, ihò iná wà fún fóònù, àwọn fúnra wọn ló ń pa iná. Nọ́ọ̀sì àgbà bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ iléèwé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, wọ́n ń fọ ọwọ́ wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ́kùnrin tó kọjú sí ògiri yíjú padà lọ́jọ́ kejì, ó ní ta ló ń fi ariwo bọ́ọ̀lù dí òun lọ́wọ́, ó sì bá wọn dá sí i. Dókítà tó wá wò wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun ò gbọ́ ẹ̀rín nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn rí.

Ṣùgbọ́n àìsàn ò dúró de yàrá. Wọ́n tún ya àwòrán egungun. Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì bi ọmọ náà bóyá ó fẹ́ kí àwọn òbí rẹ̀ wà níbẹ̀.

"Kí wọ́n wà. Àmọ́ èmi ni kẹ́ ẹ máa wò."

Dókítà wò ó. "Jẹjẹrẹ ni, ó sì yẹ kí n ti sọ fún ẹ láti ọjọ́ kìíní. Má bínú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí oògùn fi dúró, ó ti dàgbà, ó ti yí mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá. A ò lè fi irin rọ́pò egungun mọ́. Ẹsẹ̀ náà ló máa lọ, láti òkè orúnkún. Ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí náà wà tí ó yẹ ká ti bá ẹ sọ. A máa yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀nà lè ṣì wà."

Ìyá bú sẹ́kún. Bàbá di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú. Ọmọ náà nìkan ni kò mira.

"Bẹ́ ẹ bá gé e, ṣé màá yè?"

"Mi ò lè búra. Àmọ́ ìrètí pọ̀, bá ò bá tún fo ọjọ́ kankan."

"Bẹ́ ẹ ò bá gé e ńkọ́?"

"Rárá."

Ó ní kí wọ́n fún òun di ọjọ́ kejì. Ó ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n jókòó yí i ká nínú yàrá náà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, wọ́n wo fídíò ìgbà tó ń fò, wọ́n sunkún, wọ́n jà lórí ẹni tó máa jẹ bisikíìtì tó gbẹ̀yìn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ní kí wọ́n pe dókítà.

"Ẹ gé e. Ẹsẹ̀ kan ni. Èmi ju ẹsẹ̀ kan lọ."

Bàbá rẹ̀ gbọ́, ẹ̀rù ọmọ náà bà á, irú ẹ̀rù tí í bani níwájú ohun tó tóbi. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì wọn èèyàn fún ọgbọ̀n ọdún, kò mọ̀ pé irú ẹni báyìí ń gbé inú ilé òun. Ọmọdé ni, àbí? Ọmọdé tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ á pa!

Wọ́n gé e. Oògùn tún bẹ̀rẹ̀, kò sì fo ọjọ́ kan. Oṣù kẹrin lẹ́yìn náà, tí ìpele tó gbẹ̀yìn ku ọ̀sẹ̀ kan, ilé ìwòsàn ní kí káfíńtà wá kan bẹ́ẹ̀dì tuntun mẹ́rin fún yàrá náà. Wọ́n kọ ìwọ̀n sínú ìwé fún un. Ó ká ìwé náà, ó fi í sápò, ó mú ṣọ́ọ̀kì jáde.

"Agùntáṣọọ́lò, jọ̀ọ́, sùn sílẹ̀ fún mi."

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ tì, ó sùn sílẹ̀. Àwọn ọmọ méjì yòókù nínú yàrá náà dúró lé e lórí, wọ́n ń wò. Bàbá fa ìlà sókè orí rẹ̀. Ó dé ìsàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró, kò lè fa ìlà.

"Bàámi, ẹyọ kan ló kù, ẹ má wá èkejì kiri," ọmọ náà wí, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín, bàbá náà rẹ́rìn-ín tomijé tomijé. Ó fa ìlà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjì lé e.

"Ẹ fi ẹ̀kẹta kún un," ó wí láti ilẹ̀. "Mo ṣì ń ga."

Ó fi ẹ̀kẹta kún un.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ogún bẹ́ẹ̀dì kúkúrú yẹn ṣì wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, wọ́n sì dáa fún àwọn ọmọ kéékèèké. Àwa tá a tẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sórí ẹ̀ la jẹ̀bi. Bí egungun ọmọ yín bá ń dùn ún tí kò lọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bí àìsàn ńlá bá wá wà níbẹ̀, ẹ sọ òótọ́ fún un, pẹ̀lú dókítà, pẹ̀lú sùúrù, kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń darí ilé ìwòsàn, ẹ wá yàrá kan tí kẹ̀kẹ́ bíbàjẹ́ kún inú ẹ̀. Kò sí ilé ìwòsàn tí kò ní in. Yàrá yẹn, bó bá ti ṣí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, ẹsẹ̀ méjì ni bàbá ì bá fa ṣọ́ọ̀kì sí.

Bóyá àwọn ẹsẹ̀ kan wà lórí àga lónìí, nílé ìwòsàn tó sún mọ́ yín. Ẹ lọ wò wọ́n, kẹ́ ẹ sì bi ẹni tó ni wọ́n ní ohun tó ń fẹ́.